Ẹnu Tí A Fi Ń Ròyìn Àìsàn

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka sọ ní ìpàdé gbogbogbòò, tí ìgbìmọ̀ sì ní kí a tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí fún àǹfààní àwọn tí kò lè wá)

Ìgbìmọ̀ ni ó ní kí àwa akọ̀wé yín wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera lónìí. A kọ́kọ́ kọ̀. A ní àwa kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣe nọ́ọ̀sì; aṣọ ni à ń tà, ìwé mẹ́fà péré ni a sì kà kí a tó bá ẹ̀gbọ́n wa wá sí Òkè Ọya. Wọ́n dá wa lóhùn pé ẹni tí ó ń kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé ẹgbẹ́ láti ọdún dé ọdún, tí ó sì ń kọ orúkọ òkú sí ojú ewé kejì, òun ni ó yẹ kí ó sọ ohun tí ó wà láàárín ojú ewé méjèèjì. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ wá létí.

A kò ní sọ̀rọ̀ òògùn. Òògùn ní oníṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni a fẹ́ sọ: bí aláìsàn wa ti ń ròyìn ara rẹ̀ fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, àti bí ẹni náà ti ń gbọ́ ọ. Nínú àwọn ènìyàn wa tí a ti bẹ̀ wò lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀pọ̀ ni ó ti sanwó káàdì, tí ó ti rí dókítà, tí ó sì ti gba òògùn, síbẹ̀ tí kò sí ẹnì kan tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe é gan-an, nítorí pé ohun tí ó sọ kọ́ ni wọ́n gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Hausa tí à ń sọ. Ẹni tí kò gbọ́ Hausa kò lè tajà ní ìlú yìí. A mọ "nawa ne", a mọ "ka rage mini", a lè fi Hausa bá alábàárù jà kí a sì fi Hausa bẹ onílé. Ṣùgbọ́n Hausa ọjà yàtọ̀ sí Hausa ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó ti ń ta irin fún ọgbọ̀n ọdún mọ orúkọ oríṣiríṣi ìṣó ní Hausa, kò sì mọ orúkọ kíndìnrín. Kò tíì sí ìdí tí yóò fi mọ̀ ọ́n, àfi ní ọjọ́ tí kíndìnrín bá dá a dúró.

Ó tilẹ̀ tún le fún àwọn àgbà wa tí wọ́n mọ ìkíni. Dókítà yóò wọlé ní òwúrọ̀, yóò ní, "Ya jiki?" Ìkíni tí à ń kí aláìsàn ni, ìdáhùn tí ọmọlúàbí sì ń fún un láàárín àwọn Hausa ni "Da sauƙi", pé ó ti fúyẹ́. Bàbá tí ó ti bá wọn gbé fún ogójì ọdún yóò dáhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń dáhùn, bí ẹ̀gbẹ́ tilẹ̀ ń gún un bí ọ̀bẹ. Ní ilé wa náà, bí a bá bi àgbà pé ṣé ara le, yóò ní a dúpẹ́. Ọmọlúàbí Yorùbá àti ọmọlúàbí Hausa pàdé lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara bàbá ń yá. A fi ojú ara wa rí èyí ní ilé ìwòsàn kan, fún òwúrọ̀ mẹ́ta léra wọn. Ní ọjọ́ kẹrin ni ọmọ bàbá náà obìnrin dé láti Ọ̀fà, òun ni ó sì fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn pé bàbá òun kò tíì tọ̀ láti àná.

Ní ti orúkọ àìsàn, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni egbò wà. "Ciki" ni Hausa ń pe inú. "Ciki" náà ni wọ́n ń pe oyún. Obìnrin wa tí inú ń run, tí ó di inú mú tí ó ń wí pé "ciki, ciki", tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun fi "ciwo" síwájú rẹ̀, lè bá ara rẹ̀ lórí ìlà àwọn aboyún. "Zafi" ni gbígbóná, "zafi" náà ni ìrora. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná àti ẹni tí ara ń ro, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì yóò sọ bí Hausa wọn kò bá jìn. "Al'ada" ni àṣà ìbílẹ̀, òun kan náà sì ni ọ̀rọ̀ tí ó bo àṣírí tí wọ́n fi ń pe nǹkan oṣù obìnrin. Nọ́ọ̀sì bi ìyá kan nínú wa pé nígbà wo ni ó rí al'ada gbẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ó ń ṣe ògbufọ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, wọ́n ní nígbà wo lẹ ṣe ọdún ìbílẹ̀ gbẹ̀yìn." Ìyá ní èṣí ni, nígbà tí àwọn lọ sílé fún ọdún egúngún. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó kọ ọdún kan sínú káàdì, ìtọ́jú tí wọ́n sì fún ìyá náà ní ọjọ́ yẹn ni ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró láti ọdún kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni abiyamọ kan sáré wọlé tí ó ń ké pé, "Gìrì! Gìrì ti gbé e!" Ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ "jiri", èyí tí í ṣe òòyì, ó rò pé òòyì ń kọ́ ìyá, ó sì ní kí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí ó gba atẹ́gùn. Ìyá Hausa kan tí ó wà lórí ìlà ni ó rí ojú ọmọ tí ó ti yí sókè, tí ó figbe ta, tí wọ́n sì gba ọmọ náà wọlé. Ọmọ náà yè. A fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé Hausa ni ìyá tí ó figbe ta, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ wa yìí dá ìjà sílẹ̀ ní àdúgbò.

Àwọn àìsàn kan tún wà tí kò ní egbò tí kò sì ní ìgbóná. Bí Yorùbá bá ní àyà òun ń já, kò wí pé igbá àyà òun ń dun òun. Ìpayà ni ó ń sọ, tàbí pé ọkàn òun ń lù kìkì. Hausa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un, "faɗuwar gaba", ó sì bá tiwa mu bí ìkòkò àti ọmọrí, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n yóò sọ pé àyà ni ó ń dùn ún. Ọdẹ orí ńkọ́? Ẹni tí ọdẹ orí ń ṣe yóò ní nǹkan ń rìn lórí òun, orí òun ń gbóná, òun ń gbọ́ ariwo, òun kò rí oorun sùn. Dókítà Makanjuola kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní 1987, ó sì fi hàn wọ́n pé ìdààmú tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Bí a bá túmọ̀ ọdẹ orí sí "ciwon kai", òògùn ẹ̀fọ́rí ni wọn yóò fún un, yóò sì lo òògùn ẹ̀fọ́rí títí tí owó ọjà yóò fi tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣà fífi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀ yìí, a fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi òpin sí i. A mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀: ọmọ ni ó lọ ilé ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọ Hausa, ọmọ ni ó gbọ́ èdè náà dé inú. Ṣùgbọ́n ìyá wo ni yóò ṣí ẹnu sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé ohun kan ń sun òun ní abẹ́? Bàbá wo ni yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún dókítà pé òun kò lè ṣe ojúṣe ọkọ mọ́? Yóò ní ẹ̀yìn ni ó ń dun òun. Bí dókítà bá sì ní ìròyìn burúkú láti sọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, òun ni yóò sì pinnu bóyá òun yóò sọ ọ́ tàbí òun yóò gbé e mì. Ẹrù náà wúwo jù fún ọrùn ọmọdé. Ìyá ọkọ tí ó tẹ̀lé ìyàwó lọ kò sàn ju ọmọdé lọ nínú ọ̀ràn mìíràn, bí a bá bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá wa tí wọ́n jókòó níhìn-ín. Ìyàwó kò ní sọ tẹnu rẹ̀ níwájú wọn.

Àwọn kan nínú yín yóò wí pé àlejò ni wá, kí a gba ohun tí a bá rí. Rárá o. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n ṣe ní 2014, sọ ní apá kẹtàlélógún pé kí ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn sọ fún un bí ara rẹ̀ ti rí, irú ìtọ́jú tí ó wà, ewu rẹ̀, èrè rẹ̀ àti iye owó rẹ̀, kí ó sì sọ fún un pẹ̀lú pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Òfin náà fi kún un pé, bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó sọ ọ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́, kí ó sì wo bí ó ti kàwé tó. Ẹ ṣàkíyèsí "bí ó bá ṣeé ṣe" yẹn. Àwa òǹtajà mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlàfo tí oníbàárà ń gbà sá lọ ni. Bí àwa fúnra wa bá mú ògbufọ̀ wá síwájú wọn, ó ti ṣeé ṣe nìyẹn. Apá ogún òfin kan náà sọ pé a kò gbọdọ̀ lé ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ ti pàjáwìrì padà. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Òfin ìdánilójútòfò ìlera ti 2022 sì ní kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà ní ìdánilójútòfò. Olùgbé ni wọ́n kọ, wọn kò kọ ọmọ onílẹ̀. A bẹ àwọn agbẹjọ́rò tí ń bẹ nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn ní ìpàdé tí ń bọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn.

Kí a má sì ṣe rò pé àlejò nìkan ni ìyà yìí ń jẹ. Ní 1996 àrùn sankarau jà ní Òkè Ọya, ó pa ènìyàn tí ó ju 11,000 lọ ní Nàìjíríà. Ní àkókò náà ni ilé iṣẹ́ òògùn Pfizer ti Amẹ́ríkà wá sí Kano, tí ó fi òògùn tuntun kan tí a ń pè ní Trovan ṣe ìdánwò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ 200 ni wọ́n kó wọ inú ìdánwò náà; Trovan ni wọ́n fún ìdajì wọn, wọ́n fún ìdajì kejì ní òògùn mìíràn; ọmọ 11 ni ó kú lára gbogbo wọn. Àwọn òbí wí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà wí pé àwọn nọ́ọ̀sì ti fi ẹnu ṣàlàyé fún wọn ní Hausa. Ẹjọ́ náà fà títí di 2009, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìparí ìjà pẹ̀lú ìjọba Kano. Hausa ni àwọn òbí yìí, nínú ìlú baba wọn, lórí èdè tiwọn, síbẹ̀ ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n ní àwọn sọ fún wọn kò dọ́gba. Nígbà tí ó di 2003 tí wọ́n gbé òògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dé, ìfura ti gba ilẹ̀. Kano dá àjẹsára náà dúró fún nǹkan bí ọdún kan, àrùn náà sì tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó di 2020 kí wọ́n tó kéde pé irú rẹ̀ ti àdánidá ti tán ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ wo iye ọdún tí ọ̀rọ̀ kan tí kò wọlé létí ń jẹ.

Ní ìlú Sydney ní Australia, àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kí àwọn òyìnbó tó dé, àwọn Aborigine, di àlejò ní ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ baba wọn. Ní 1971 wọ́n gba yàrá ìtajà kan ní àdúgbò Redfern, wọ́n bẹ àwọn dókítà tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ṣí ilé ìtọ́jú tiwọn, tí àwọn fúnra wọn ń ṣe àkóso rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní Australia lónìí. Yàrá ìtajà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o. A kò wí pé kí ẹ̀ka yìí kọ́ ilé ìwòsàn; àpò wa kò tó o, a sì mọ gbèsè tí a jẹ lórí gbọ̀ngàn yìí.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó ti ìlú òyìnbó dé sí Aro ní 1954, àṣà ni pé kí a ti àwọn tí orí wọn dàrú mọ́lé. Lámbò ní kí olúkúlùkù wá pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ kan ó kéré tán, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìbátan náà máa sè fún un, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀, kí ó máa mú un wá gba ìtọ́jú. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ó bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀; kò pè wọ́n ní òpùrọ́, kò sì fún wọn ní abẹ́rẹ́ mú. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ mìíràn wá wò ó. Ohun tí ó ṣe kò ju ohun tí gbogbo ìyá Yorùbá mọ̀ lọ: ẹnì kan kì í nìkan ṣàìsàn.

Èyí gbé wa dé orí àgbo, níbi tí ariwo máa ń wà. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ láàárín ara wa. Kò sí ilé kan nínú ilé wa tí kò ní ìgò àgbo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà kò bèèrè, àwa náà kò sọ, nítorí a ń bẹ̀rù kí ó má bú wa. Báyìí ni òògùn méjì ṣe ń jà nínú ènìyàn kan. Ẹ sọ ọ́ fún un. Bí ó bá bú yín, èébú kì í lẹ̀ mọ́ni. Èyí tí ẹ ń rẹ sínú ògógóró, ẹ ṣọ́ra fún un gan-an: ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀ ènìyàn fọ́jú tí wọ́n sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú, nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, oró methanol ni wọ́n bá, ògógóró ni wọ́n sì dì í mú fún.

Tìróò náà ńkọ́, tí Hausa ń pè ní kwalli? A ń lé e sójú ọmọ tuntun, àwọn náà ń lé e. Òjé ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n wádìí, tìróò tí wọ́n rà láti ilé ni, ju ìlàjì rẹ̀ lọ sì ni òjé. Òjé kan náà, tí ó ti inú erùpẹ̀ wúrà jáde, ni ó pa àwọn ọmọdé tí ó ju 400 lọ ní Zamfara ní 2010. Dókítà tí kò mọ tìróò kò ní bèèrè rẹ̀. Ìyá tí kò mọ̀ pé òjé ni kò ní sọ ọ́. Àwọn àṣà kan tún wà tí a kò bá wá láti ilé, tí a kọ́ níhìn-ín, bí ìwẹ̀ omi gbígbóná àti kunu oníkáún tí abiyamọ ń mu fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn dókítà ní Zaria ti ń wádìí rẹ̀ láti àárín 1970 sí 1980 nítorí àìsàn ọkàn tí ó máa ń mú àwọn abiyamọ. Wọn kò tíì fẹnu kò lórí bí ó ti jẹ̀bi tó. Ẹni tí ó bá ń ṣe é, kí ó sọ fún wọn pé òun ń ṣe é.

Sankarau, a ti dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwa tí a ti ìsàlẹ̀ wá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ní kékeré, nítorí ilẹ̀ wa kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀ bí ti Òkè Ọya. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ooru mú ni ó máa ń jà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè é ní ibà títí di ìgbà tí ọrùn ọmọ bá le gan-n-gan tí kò ṣeé tẹ̀ síwájú, tí ó ń bì, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Ẹ má dúró de agbo ibà nígbà náà. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ kan yẹn, "sankarau", kí ẹ wí i lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kẹrin 2024 Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ayé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí lo àjẹsára tuntun tí ń dènà irú márùn-ún nínú àrùn náà. Bí wọ́n bá dé àdúgbò yín, ẹ má ti ilẹ̀kùn.

Wàyí o, owó. Àwa ni a ń kọ ìwé, a mọ ibi tí owó ẹgbẹ́ ń gbà jáde. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, a ó gba ọkọ̀, a ó ra pósí, a ó rán ènìyàn mẹ́rin tẹ̀lé e dé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin tàbí Ìjẹ̀ṣà, a ó sì fún opó ní owó lọ́wọ́. Ó dára. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ṣe é, nítorí wọn kò fẹ́ kí ènìyàn wọn sùn sí ilẹ̀ àjèjì láìní ará. Ṣùgbọ́n ẹni kan náà, nígbà tí ó dùbúlẹ̀ tí ó sì ń mí, àpò ẹgbẹ́ kò ní kọ́bọ̀ fún ẹni tí yóò jókòó tì í láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. A wo ìwé ọdún tí ó kọjá: owó ọkọ̀ òkú kan péré tó láti fi san owó ọkọ̀ ògbufọ̀ láti Sabon Gari dé ilé ìwòsàn àti àbọ̀, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ ti sọ fún wa pé owó òkú kò ṣeé fọwọ́ kàn, pé ẹni tí ó san án fi ọkàn balẹ̀ pé wọn yóò gbé òun dé ilé. A gbọ́, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Nítorí náà a kò ní kí a fọwọ́ kan èyí tí ó wà nílẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìdámárùn-ún owó oṣù tí yóò máa wọlé láti ìsinsìnyí lọ.

Ètò náà kò le. Ènìyàn méjì-méjì ni a fẹ́: ọ̀dọ́ kan tí a bí síhìn-ín tí Hausa rẹ̀ jìn, àti àgbà kan tí Yorùbá rẹ̀ jìn. Àwọn ọmọ wa gbọ́ "ciwo", ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní làkúrègbé ni ó ń ṣe yín, wọn yóò máa wò yín lójú. Àgbà mọ làkúrègbé, kò sì mọ bí yóò ti wí i fún nọ́ọ̀sì. Kí àwọn méjèèjì lọ pọ̀. Obìnrin ni kí ó bá obìnrin lọ. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin níhìn-ín kì í jẹ́ kí ọkùnrin wọlé, ó sì bá tiwa náà mu. Ẹni tí ó bá lọ kò gbọdọ̀ wá sọ ohun tí ó gbọ́ níbẹ̀ lójú ọjà. Ẹni tí ó bá sọ ọ́, kí a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé náà títí láé.

Kí olúkúlùkù sì ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láti bí 1956 lọ, dókítà òyìnbó kan, David Morley, fún àwọn ìyá ní ìwé tí wọ́n fi ń tọ́pa ìwọ̀n ọmọ wọn, ó sì ní kí ìwé náà máa gbé lọ́dọ̀ ìyá, kì í ṣe lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn. Ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B rí i pé ìlà náà ń gòkè tàbí pé ó ń wọlẹ̀. Ìwé wa kò ní ní ju ojú ewé kan lọ: orúkọ, ọjọ́ orí, àìsàn tí ó ti ṣe ọ́ rí, òògùn tí ó ń lò, àgbo tí ó ń mu, nọ́ńbà ẹni tí a ó pè. Àwa akọ̀wé ti kọ bí yóò ti rí ní gẹ̀ẹ́sì àti ní Hausa. Olùkọ́ kan ní àdúgbò, ọmọ Hausa, bá wa tún Hausa rẹ̀ ṣe, kò sì gba owó.

Ní Ìbàdàn, láti 1916, àwọn Hausa ń gbé ní Sábó tiwọn bí àwa ti ń gbé ní Sabon Gari níhìn-ín. Orúkọ kan náà ni, ìlú tuntun. Dájúdájú àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ "ciwo" fún nọ́ọ̀sì Yorùbá tí kò gbọ́. Bí ètò wa bá dúró, ó wù wá kí a kọ̀wé sí wọn.

Ìgbìmọ̀ yóò dìbò lórí ìdámárùn-ún náà ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ bá ara yín sọ ọ́ nílé. Ti orúkọ àwọn ògbufọ̀ kò ní dúró de ìbò. Ìwé ti wà lórí tábìlì níwájú akápò. Obìnrin mẹ́ta àti ọ̀dọ́ méjì ti kọ orúkọ wọn sí i kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Àgbà ni ó kù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, a ó bá a kọ ọ́.